Ìyá Oníwáyà, Ẹni Tó Ṣe Ọwọ́ Tó Wọ Akèrègbè

Nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú irin ni wọ́n ti bí ìyá tí a péjọ torí rẹ̀ lónìí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1949. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣọ́ géètì tí àwọn ọkọ̀ ń gbà sọdá ojú irin. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ lábẹ́ fèrèsé náà, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ a sì máa bá ilẹ̀ gbọ̀n nígbàkígbà tí rélùwéè bá ń kọjá. Ìran alágbẹ̀dẹ ni ìran bàbá, àwọn tí kì í bínú sí irin. Ìran ìyá ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Olóògbé, tó jẹ́ àkọ́bí, mú ọwọ́ bàbá, ó sì fi ẹnu ìyá sílẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀, tí wọ́n lò ó dáadáa.

Ní ọdún 1955 ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ni pé ó tú aago ògiri ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ palẹ̀. Bàbá rẹ̀ sáré lọ bẹ̀bẹ̀. Kí ó tó débẹ̀, ọmọ ti tò ó padà, aago tó ti ń ṣe bó ṣe wù ú láti ọjọ́ pípẹ́ sì ti ń lọ geerege. Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá kò rí aago dá lẹ́bi mọ́ bí ó bá pẹ́ dé.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1963. Ní ọdún 1968 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í bóyá ó ṣìnà ni, pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé. Olóògbé ní òun kò ṣìnà, ó ní kí ó jọ̀wọ́ sún díẹ̀, nítorí ìdí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí ni ìmọ́lẹ̀ wà. Ó jókòó sí ìdí ìmọ́lẹ̀ náà títí ó fi jáde.

Ní ọdún 1972 ó di ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe wáyà bíréèkì fún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù. Ohun méjì ni wáyà bíréèkì: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, àti rọ́bà tó bò ó lóde. Èèyàn á fa ìdí rẹ̀ níhìn-ín, orí rẹ̀ á sì gbọ́ lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ kò dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ayé olóògbé dúró lé.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti so ìwọ̀n irin mọ́ wáyà tuntun, kí ó máa wo èyí tó máa já. Ìkà ni wọ́n ń pè é. Ó dá iṣẹ́ àkọ́kọ́ olóògbé padà. Olóògbé kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bú u. Ó ní kó fún òun ní orí tó já náà, ó fi sápò, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣe, ó gbé òmíràn wá. Ìkà so ìwọ̀n mọ́ ọn, ó tún so òmíràn mọ́ ọn, títí ìṣó tí wọ́n fi gbé e kọ́ fi yọ kúrò lára ògiri. Wáyà kò já. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkùnrin náà ní kí ó tètè fẹ́ ọmọbìnrin yìí kí ó tó wó ilé iṣẹ́ lé àwọn lórí. Ó gba ìmọ̀ràn. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ keje oṣù kejìlá ọdún 1974. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn, obìnrin kan, ọkùnrin méjì.

Ní ọdún 1983 ni dókítà kan wá sí ilé iṣẹ́ bíréèkì. Dókítà Má-Là-Á ni àwọn aláìsàn sọ ọ́, nítorí pé ohun tí wọ́n máa ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe ni òun fúnra rẹ̀ kórìíra jù: kí a la inú èèyàn. Ó tú áńkáṣíìfù sórí tábìlì. Irinṣẹ́ kan tó ti já ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n rà wá láti òkèèrè. Ó ní àwọn tó ṣe é kò dá òun lóhùn mọ́, ó sì bèèrè ẹni tó mọ wáyà. Gbogbo ọwọ́ ló nà sí olóògbé.

Ẹ jẹ́ kí ìdílé ṣàlàyé ọ̀ràn náà bí olóògbé ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ọ̀nà tóóró kan wà tí omi òróòro ń gbà láti ara ẹ̀dọ̀ wá sínú ìfun. Nígbà mìíràn òkúta á dí i. Omi náà á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ẹyinjú á di pupa rúsúrúsú, ibà á gorí ibà. Bí ọ̀nà kò bá ṣí, ikú ni. Tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀bẹ nìkan ló lè débẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà yìí ní ọ̀pá rírọ̀ gígùn kan tó ní iná àti ojú lórí, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní ejò. Ó ń gba ẹnu wọlé, á gba ọ̀nà ọ̀fun, á gba inú ikùn kọjá, títí dé ẹnu ọ̀nà tóóró náà. Ojú ti débẹ̀. Ọwọ́ ni kò tíì sí. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọwọ́ tó máa wọ akèrègbè ni dókítà ń wá kiri.

Olóògbé kó àpótí aṣọ kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn ilé wọn, ó gbé tábìlì kan síbẹ̀, àti iná kan, àti díńgí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ibẹ̀ ló ti ń hun agbọ̀n. Wáyà mẹ́rin tó tín-ín-rín bí irun orí ni agbọ̀n náà. Nínú rọ́bà, wọ́n á pa pọ̀ bí òdòdó tí kò tíì là. Bí a bá tì wọ́n jáde, wọ́n á yọ ikùn, òkúta á bọ́ sáàárín wọn. Bí a bá fà á padà, wọ́n á há a mọ́ra. Ìgbà tó bá fẹ́ fi òjé pa orí wáyà mẹ́rin pọ̀, kì í mí. Àwọn ọmọ mọ̀ pé bí ilẹ̀kùn yàrá náà bá ti wà ní títì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sín nínú ilé. Ọkọ rẹ̀, tó ti ń fi ojú yẹ wáyà wò láti ìgbà èwe, á dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Àfi bí olóògbé bá sún díńgí fún un ni yóò tó rí agbọ̀n pípé, tí ọmọ èèyàn fọwọ́ hun, níbi tó rò pé afẹ́fẹ́ lásán wà. Ó máa ń rọra jáde, á sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ní ọdún 1986, Má-Là-Á gbé agbọ̀n náà wọ inú èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Awakọ̀ kan ni. Òkúta jáde, ọ̀bẹ kò kàn án, ó sì wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ sílé láìka ohun tí nọ́ọ̀sì wí sí. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Agbọ̀n òkèèrè a máa já. Ti olóògbé kì í já. Ohun tí wọ́n ń fi yìn ín nìyẹn. Ọmọ ilé iṣẹ́ bíréèkì ni. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí wáyà lè dá lójú wọn ni pé kí ó já.

Ní ọdún 1988, ojú ìyá rẹ̀, télọ̀ ẹ̀bá ojú irin, di pupa rúsúrúsú. Má-Là-Á fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn mìíràn, nítorí kò fẹ́ kí ọmọ wà nítòsí bí wọ́n ti ń tọ́jú ìyá. Màmá kọ̀. Ó ní òun ti gbọ́ pé agbọ̀n ọmọ òun ti kó òkúta inú awakọ̀, ṣé inú òun ni kò mọ́ tó ni? Wọ́n gbà fún un.

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Agbọ̀n náà mú òkúta. Òkúta náà tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Wọ́n fà á, kò wá. Wọ́n tì í, kò lọ. Wọ́n fẹ́ kí agbọ̀n já, kò já, nítorí ẹni tó ṣe é ti rí i dájú pé kò ní já láéláé. Ìdí rẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà níta, orí rẹ̀ wà nínú èèyàn, ìyá olóògbé sì wà láàárín. Kò sí ohun tó kù bí kò ṣe ọ̀bẹ. Wọ́n la Màmá lọ́jọ́ náà.

Ó yè é, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lórí ibùsùn. Nígbà tí olóògbé wọlé tọ̀ ọ́ tí kò lè gbójú sókè, Màmá fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n dídì tí o dì mí mú yìí ti pọ̀ jù.” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Olóògbé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí ni Má-Là-Á wá sílé, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, kò jókòó. Ó ní, “Aúntí Oníwáyà, mi ò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọwọ́ mi gbé e wọ inú èèyàn mọ́, àyàfi tí ẹ bá ṣe èyí tó mọ ìgbà tó yẹ kó jù ú sílẹ̀.”

Olóògbé kọ̀wé fi ilé iṣẹ́ bíréèkì sílẹ̀. Ó ní òun ní ẹ̀kọ́ kan láti gbàgbé.

Ní ọdún 1989, bíríkìlà kan ń rẹ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn náà. Ó yọ ọ̀bẹ láti la ẹnu àpò sìmẹ́ǹtì. Olóògbé dá a dúró. Ẹni tó bá ti tú àpò sìmẹ́ǹtì rí mọ̀ pé bí a bá fa okùn ẹnu rẹ̀ níbi tí kò yẹ, ńṣe ló máa le sí i. Bí a bá fà á níbi tó yẹ, gbogbo ẹnu àpò á tú fàràrà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fa àkọ́kọ́, ó fa èkejì, ó ní kí bíríkìlà gbé ìyókù wá. Ó tú gbogbo wọn. Bíríkìlà sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìyáàfin ilé yẹn kò ra sìmẹ́ǹtì, okùn ló rà.

Láti ọjọ́ náà, kò fi òjé pa orí wáyà pọ̀ mọ́. Ó fẹ́ kí wáyà karùn-ún di orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú bí okùn ẹnu àpò, kí ó jẹ́ pé bí dókítà bá fà á láti ìdí, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pínyà, á nà tọ́ọ́rọ́, á sì yọ́ kúrò lára òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn láti sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Èyí tó ń mú dáadáa kì í tú, èyí tó ń tú dáadáa kì í mú. Ó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ dí rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó, ó ń mú wọn, ó ń tú wọn. Aládùúgbò kan bi ọkọ rẹ̀ pé kí ni ìyàwó rẹ̀ ń wá nínú rọ́bà láti ọdún yìí wá. Ọkọ ní ìyá rẹ̀ ni. Ẹni náà kò bèèrè mọ́.

Ní ọdún 1995 ni àìsàn náà padà sára Màmá. Òkúta mìíràn ti dí ọ̀nà. Ó ti dàgbà nígbà náà, ọkàn rẹ̀ sì ti rẹ̀. Àwọn tó ń fún èèyàn lóògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní bí wọ́n bá la ìyá yìí lẹ́ẹ̀kejì, kò ní jí. Ọ̀bẹ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ẹnu nìkan ni ọ̀nà tó kù. Bí agbọ̀n bá sì tún há, ó parí nìyẹn.

Má-Là-Á wá sí yàrá ẹ̀yìn. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó. Olóògbé gbé agbọ̀n tuntun àti rọ́bà tó ti fi òkúta dí síwájú rẹ̀.

“Ẹ má wo bó ṣe ń mú nǹkan, Dókítà,” ó ní. “Ẹ wo bó ṣe ń tú u.”

Dókítà mú òkúta, ó fa wáyà karùn-ún, agbọ̀n tú u. Ó tún un ṣe. Ó fi ọwọ́ òsì ṣe é. Ó dijú ṣe é. Ó mú èyí tó tóbi jù, ó fà á títí ojú rẹ̀ fi le, ó tú u. Ó dìde, ó ní kí wọ́n gbé Màmá wá lọ́la.

Wọ́n fi aṣọ wúwo tí ń dènà ìtànṣán bo olóògbé, ó dúró nínú yàrá náà, nítòsí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Màmá wò ó kí oògùn tó mú un tòògbé, ó ní, “Ṣé èyí náà lágídí bíi tàkọ́kọ́?” Olóògbé ní, “Rárá, Màmá. Èyí máa ń gbọ́ràn.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu nọ́ọ̀sì àti ti dókítà ni ìdílé ti gbọ́ ọ, nítorí olóògbé kì í sọ ọ́. Ejò dé ibi tó ń lọ. Agbọ̀n wọlé, ó là, ó mú òkúta. Dókítà fà á. Kò wá. Ó rọra fà á sí i, kò wá. Gbogbo wọn mọ ibi tí wọ́n wà. Wọ́n ti dé ibẹ̀ rí. Ọwọ́ dókítà dúró. Ó wo olóògbé. Olóògbé kò wo dókítà, ojú rẹ̀ wà lára àwòrán tó ń tàn lókè. “Ẹ tú u,” ó ní.

Dókítà fa wáyà karùn-ún. Lójú àwòrán náà, wọ́n rí i tí orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pínyà. Ọ̀kan nà, ó yọ́ kúrò. Ìkejì tẹ̀ lé e, ìkẹta, ìkẹrin, bí ẹni tó rọra ń ṣí ìka ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bọ ẹnì kan lọ́wọ́. Agbọ̀n jáde lófìfo. Òkúta ṣì wà níbi tó wà, kò sì tí ì sí ohun kan tí wọ́n rí gbà, síbẹ̀ nọ́ọ̀sì àgbà pàtẹ́wọ́. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun kò tíì dúpẹ́ nítorí agbọ̀n òfìfo rí.

Nígbà tí agbọ̀n ti kúrò lọ́nà, dókítà rí àyè ti rọ́bà kékeré kan gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kọjá. Omi òróòro tú jáde, dúdú, ó ń ṣàn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹyinjú Màmá ti funfun. Nígbà tí ara rẹ̀ le díẹ̀ sí i, wọ́n padà wọlé, wọ́n fọ́ òkúta náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n kó o jáde díẹ̀díẹ̀. Màmá gbé títí di ọdún 2006, ó ń bá Má-Là-Á jiyàn lórí iyọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá pàdé.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ránṣẹ́. Olóògbé ṣe búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tí wọ́n fi ń gba ìdọ̀tí inú ọ̀nà náà fún àyẹ̀wò, ó ṣe bàlúùnù kékeré, rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú, tí wọ́n fi ń gbá òkúta wẹ́wẹ́ jáde. Ó gba àwọn kan síṣẹ́, ó kọ́ wọn ní òfin kan: ohun tí kò bá mọ ọ̀nà àbájáde kò gbọdọ̀ wọlé. Ìdílé kò wá síbí láti sọ pé òun nìkan ló ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyé. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní ọdún 2001, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dún wíìì bí wọ́n ti ń kà á jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún wáyà rẹ̀ ṣe, ó dúpẹ́, ó jókòó. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ kò gùn tó àtúnṣe náà.

Ó jẹ́ onígbàgbọ́ tí kì í pariwo. Ó máa ń ní ẹni tó bá ti rí inú èèyàn lójú àwòrán, tó rí bí gbogbo ọ̀nà tóóró yẹn ṣe ń ṣí tí wọ́n sì ń pa dé láìsí ẹni tó ń fà wọ́n, kò nílò ìwàásù gígùn. Fún àdúgbò, kò sí ohun tó já tí wọn kì í gbé wá fún un: síìpù, ẹ̀gbà ọrùn, eríàlì tẹlifíṣọ̀n. Kò lé ẹnikẹ́ni rí. Ó tún ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún 1997 títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ láti gun àtẹ̀gùn.

Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní ọdún 2022. Ó rọra jáwọ́ nínú iṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó mí, ọkọ rẹ̀ dúró de èyí tó kàn, kò sì dé. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni.

Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ apoògùn àti ọkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà tó ń ṣe díńgí ojú, àti ìyàwó rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré tó jẹ́ olùkọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kò tíì wọ́n lẹ́nu wọn. Ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí kò tíì mọ ìdí tí wọ́n fi ní kó má ṣe sín nítòsí yàrá ẹ̀yìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Dókítà obìnrin tó gba ipò Má-Là-Á, tí olóògbé mú bí ọmọ, kò tètè wá ní àárọ̀ ọjọ́ ikú náà. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń kùn. Ọ̀sán ti pọ́n kí ó tó wọlé, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n pè mí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti wà lórí tábìlì, agbọ̀n Ìyá Oníwáyà sì ti wà nínú rẹ̀.”

Ọkọ olóògbé bi í bóyá agbọ̀n náà mú òkúta.

“Ó mú un, kò wá. Ó tóbi jù. Mo tú u, mo fi rọ́bà ṣí ọ̀nà fún un. Aláìsàn náà ti jókòó báyìí, ó ń bèèrè oúnjẹ.”

Bàbá ní kí ó dìde. Ó ní kí àwọn tó ń kùn gbé omi wá fún un, nítorí ibi tó yẹ kí ó wà ló ti ń bọ̀.

Sùn re, Ìyá Oníwáyà. Kí ilẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí Ẹlẹ́dàá gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹni tí o kò mọ̀ rí jẹun yó lọ́jọ́ tí o lọ.